Díkíṣọ́nárì oníbátìrì fún Bàbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ ní wọn ò fẹ́ fóònù, díkíṣọ́nárì oníbátìrì ni wọ́n fẹ́ máa fi yanjú crossword inú ìwé ìròyìn ní Kubwa. Ojú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: kí lẹ́tà tóbi, kí bọ́tìnnì má há. Kó níná lójú o, ẹ ṣáà mọ ìwà NEPA.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ c?l?ur sí i. Àmì ìbéèrè ló ń dúró fún lẹ́tà tí wọn ò mọ̀. Bí "colour" ò bá jáde, ó lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà, "color" nìkan ló mọ̀, kò sì ní kún àpótí mẹ́fà nínú crossword. Èmi á wá ti Franklin, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe díkíṣọ́nárì oníbátìrì, èyí tó ní Collins, díkíṣọ́nárì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nínú. Èyí tó ń lo bátìrì AAA ló rọrùn jù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in.