Ṣé Super tó owó tí wọ́n fi lé e?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo ń ṣe ẹ́díìtì ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 26 ni mí. DaVinci Resolve Studio, ètò tí a fi ń ṣe ẹ́díìtì fídíò, ni mo ń lò, 4K (àwòrán tó mọ́ gan-an) sì ni gbogbo ohun tí àwọn oníkámẹ́rà ń gbé wá fún mi báyìí. Mo lọ wá graphics card (káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú kọ̀ǹpútà) tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà. Ẹni tó ń tà á gbé mẹ́ta tí NVIDIA ṣe síwájú mi: RTX 2060, RTX 2060 Super àti RTX 2070. Ó ní Super fi 40,000 náírà wọ́n ju 2060 lọ, 2070 sì fi 45,000 wọ́n ju Super lọ, torí pé èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá tóbi jù lọ̀gá. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé káàdì kan náà ni wọ́n tún orúkọ ẹ̀ sọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, Super ni kí o rà. Má fi kọ́bọ̀ kún un nítorí 2070.

Ọ̀rẹ́ ẹ rí apá kan òótọ́. Ṣípù kan náà ló wà nínú káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, TU106 lorúkọ ẹ̀. Wò ó bí ilé mẹ́ta tí wọ́n kọ́ bákan náà, tí onílé wá ti àwọn yàrá kan pa nínú méjì. Nínú 2070, gbogbo yàrá ló ṣí: CUDA core (àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú ṣípù) 2,304. Nínú 2060, 1,920 ló ṣí. Super wà láàárín wọn, 2,176. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, mi ò ní í sọ pé kí o fi 40,000 náírà kún owó.

Mẹ́mọ́rì ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. 6GB ni 2060 tí o rí yẹn ní. 8GB ni Super ní, bíi ti 2070 gẹ́lẹ́. Ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ mẹ́mọ́rì ọ̀hún tún fẹ̀ sí i, láti 192-bit sí 256-bit, tó fi jẹ́ pé 448GB ló lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí ti 2060 kò ti ju 336GB lọ. 448GB yìí náà ni ti 2070. Ohun tí 2070 wá fi ju Super lọ ò ju core 128, kò pé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Fún 45,000 náírà? Rárá o. Oṣù kẹwàá 2018 ni 2070 jáde, 499 dọ́là ni iye tí wọ́n dá lé e. Nígbà tí Super dé ní oṣù keje 2019, 399 dọ́là ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo ohun tí 2070 ń ṣe. Inú oṣù keje yẹn náà ni AMD, tí wọ́n jọ ń du ọjà, gbé káàdì tiẹ̀, RX 5700, wọ ọjà, NVIDIA ò sì fẹ́ kí wọ́n kó oníbàárà òun lọ. Àwa tó ń ra tòkunbọ̀ lónìí ṣì ń jèrè ìjà wọn.

Mo fi 2060 ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, mo sì mọ ibi tó ti ń tiro. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ń ṣe fídíò kan tí ìyàwó àti ọkọ ti ń jó nínú gbọ̀ngàn tí iná ẹ̀ ṣókùnkùn, àwòrán yẹn wá kún fún àmì wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n da gààrí sójú ẹ̀. Mo fi noise reduction sí i kó lè mọ́. Bí mo ṣe ní kó máa lọ báyìí, Resolve gbé àkọlé sójú mi pé mẹ́mọ́rì káàdì ti kún. Mo ti gbogbo nǹkan yòókù pa, pàbó. Nígbà tó yá, mo dín tàìmùláìnì (ibi tí a ti ń to fídíò) kù sí 1080p, tí kò mọ́ tó 4K, mo sì fi bẹ́ẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde. Aago méje àárọ̀ ni bàbá ìyàwó dé láti gbà á. Wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé 4K ni mo gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí gan-an. 2GB tí Super fi lé e, irú òru bẹ́ẹ̀ ló wà fún.

Ibì kan wà tí o ò ti ní í rí ìyàtọ̀ o. Bó bá jẹ́ pé H.264 tàbí H.265 (irú fáìlì fídíò tí a sábà máa ń fún oníbàárà) lo fẹ́ gbé jáde lásán, tí o ò tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe tàbí fi noise reduction sí i, irú ẹ̀rọ kan náà tó wà nínú ṣípù wọn ló ń bá káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe é.

Má wá torí èyí gbà pé gbogbo àtúnṣe ló dáa. RTX 3060 tó jáde ní 2021, 12GB ló ní. Ní ìparí 2022, wọ́n gbé òmíràn jáde tó jẹ́ 8GB, wọ́n dín ọ̀nà mẹ́mọ́rì ẹ̀ kù láti 192-bit sí 128-bit, orúkọ tó wà lára páálí ò sì yí padà. Èyí tó dé kẹ́yìn ló kéré. Ní ti RTX 4080 Super ti 2024, agbára ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti 4080. Owó ẹ̀ ló wálẹ̀, láti 1,199 dọ́là sí 999.

Tí o bá padà sí Íkẹjà, gbé GPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn, dání sínú fláàṣì. Ní kí wọ́n ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà níwájú ẹ. TU106, 2176, 8192 MB (8GB nìyẹn), 256 bit: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé. Tó bá jẹ́ 1920 lo rí, 2060 ni wọ́n lẹ sítíkà Super mọ́. Tanná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀. Káàdì tí wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sántòru kí ìyẹn tó dópin ní oṣù kẹsàn-án 2022, òróró máa ń sun láti ara páàdì tó ń fa ooru kúrò lára mẹ́mọ́rì ẹ̀, á wá máa dán lára bọ́ọ̀dù bí ọwọ́ ẹni tó jẹ àkàrà. Ìyẹn ò ní kó má ṣiṣẹ́. Pààrọ̀ páàdì àti ìpara orí ṣípù ẹ̀, kí o sì yọ owó ẹ̀ kúrò nínú ohun tí o máa san.

175 wáàtì ni Super ń jẹ, 160 ni 2060, nítorí náà ínfátà ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Power supply (àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà) ni kí o wò: 550 wáàtì ni NVIDIA ní kó jẹ́.

Kí o tó sanwó, gbé iṣẹ́ 4K tìẹ kan dání, fi noise reduction sí i, kí o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀. Bí àwòrán bá ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tàbí tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kó owó ẹ sápò, kí o kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.