Màmá fẹ́ rí òkè, ṣùgbọ́n orúnkún ń dà wọ́n láàmú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Màmá mi wá kí wa ní Maryland láti ilé. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, Ìdànrè ni wọ́n ti dàgbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n ní òkè ni ojú àwọn ń fẹ́ rí, àmọ́ orúnkún kò gbà. Ibo la lè lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà?
– Ọmọ Màmá

ÌDÁHÙN: Ọmọ Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Shenandoah, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà lórí òkè ní Virginia, ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ. Ti Ìdànrè, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ti Shenandoah, orí òkè gan-an ni wọ́n la títì sí. Skyline Drive lorúkọ rẹ̀, máìlì 105 ni gígùn rẹ̀. Inú mọ́tò ni Màmá máa wà tí àfonífojì á tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ rìn ín tán o. Wọn ò gbà kéèyàn sáré ju máìlì 35 ní wákàtí kan lọ. Ẹ gba Sperryville, kẹ́ ẹ wọlé ní Thornton Gap. 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan, ì báà jẹ́ ẹ̀yin méjì tàbí márùn-ún. Ẹ má ka káàdì ẹ̀dínwó àgbàlagbà mọ́ ọn, ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé ló wà fún.

Ìyá ọkọ mi ni mo mú lọ ní tèmi. Ní ibi ìdúró kan, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri òkúta kúkúrú tó wà níbẹ̀. Òkè ń yọ lẹ́yìn òkè, gbogbo rẹ̀ dúdú bí aró tó ń ṣá. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa la ẹnu, oríkì ìlú wọn ni wọ́n ń kì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Oṣù Kẹfà ni, mo sì rò pé ooru ló máa mú wa. Òkè tutù ju ìsàlẹ̀ lọ! Ìpèlé mi ni mo tú fún wọn bora. Ẹ bá mi mú súwẹ́tà dání.

Tó bá wu Màmá láti na ẹsẹ̀, ẹ dúró ní òpó máìlì 43 (ìparí títì lápá àríwá ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé), níbi tí wọ́n ń pè ní Limberlost. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ìjókòó pàápàá ń gbà á. Kò ju máìlì kan lé díẹ̀ lọ, wọ́n sì lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí wọ́n sinmi.

Epo ńkọ́? Ẹ rà á kún táǹkì kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín yín dání, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní Big Meadows, pápá gbalasa tó wà ní máìlì 51. Àgbọ̀nrín lè yọ sí yín níbẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ, òfin kọ̀ ọ́.

Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, ẹ rìn dé Lewis Mountain, ní máìlì 57. Ibùdó ìgbafẹ́ àti ìpàgọ́ ibẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1939, ọdún 1950 ni ìyàsọ́tọ̀ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó níbẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fáwọn ọmọ.