Èsì: Láptọ́ọ̀pù tó kọ̀ tí ò gbéra lẹ́yìn àpdéètì BIOS

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti ṣe àpdéètì BIOS (ètò kékeré tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó wọlé), fáànù ń yí àmọ́ ojú ẹ̀ dúdú, tó bá wá pẹ́ díẹ̀ á kọ "No bootable device", ìyẹn ni pé kò rí ibi tó ti máa gbé Windows. Ó ti ṣe èmi náà rí, díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bíi 30 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ wá ki ṣájà padà kẹ́ ẹ tàn án kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí lẹ́yìn àpdéètì ó lè máa tún RAM (mẹ́mórì rẹ̀) yẹ̀ wò, ẹ má kánjú pa á o.

Ọ̀rọ̀ tó ń kọ yẹn gan-an, ó jọ pé àpdéètì ló da sẹ́tìn yín rú. Ẹ wọ BIOS (F2 ni lórí púpọ̀ nínú wọn), ẹ wò ó bóyá ó rí SSD (ibi tí Windows àti fáìlì yín wà). Tó bá rí i, ẹ rí i pé UEFI (ọ̀nà tuntun tó fi ń gbéra) ló wà níbẹ̀ kì í ṣe Legacy (ọ̀nà àtijọ́), àyàfi tó bá jẹ́ Legacy lẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Tí AHCI bá ti di RAID náà (ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù ń gbà bá SSD sọ̀rọ̀ ni méjèèjì), ẹ dá a padà.

Tó bá wá ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti fáìlì yín pa), kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, TPM (ṣípù ààbò inú láptọ́ọ̀pù) ló rí i pé nǹkan yí padà. Nọ́ńbà gígùn oní-díjíìtì 48 ni kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó sábà máa ń wà lórí àkáǹtì Microsoft yín. Ẹ má fọwọ́ kan "Clear TPM" o, ẹ jọ̀ọ́!

Ṣé ó rí SSD ọ̀hún ṣá?