Ṣé lóòótọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ta ìyàwó lọ́jà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, a ka The Mayor of Casterbridge nílé ìwé girama. Ọkùnrin kan mutí yó, ó ta ìyàwó rẹ̀. Ṣé àṣà wọn ni, àbí òǹkọ̀wé ló rò ó fúnra rẹ̀? Ìlú wo sì ni Casterbridge?

Ìdáhùn: Wọ́n tà wọ́n o. Dorchester ni Casterbridge inú ìwé náà, ìlú ọjà àtijọ́ ní Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí Thomas Hardy, òǹkọ̀wé náà, sí ní 1840, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí. Kí ìwé náà tó jáde ní 1886, ó ti tú ìwé ìròyìn àtijọ́ àdúgbò rẹ̀ wò dáadáa, ó sì bá ìròyìn ìyàwó títà níbẹ̀.

Ọkọ á so okùn mọ́ obìnrin lọ́rùn bí ẹni fa màlúù, á mú un dé àárín ọjà, á ní ta ni yóò rà á. Etí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin náà ti gbà, àlè rẹ̀ gan-an ló sì ń rà á. Ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ṣáájú òfin 1857, ẹni tó bá fẹ́ tú ìgbéyàwó ká kó lè fẹ́ ẹlòmíràn, àfi kí ilé aṣòfin ṣe òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tálákà wo ló lówó ìyẹn? Wọ́n wá sọ ọjà di kóòtù, nítorí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀rí. Òfin kò gbà á rí, wọ́n tilẹ̀ ju àwọn kan sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ó fẹ́ jọ owó orí tí ọkọ tuntun ń dá padà fún ọkọ àkọ́kọ́ nílé wa, àmọ́ àwa kì í so okùn mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Hardy yí tirẹ̀ padà: atukọ̀ tí Susan, ìyàwó inú ìtàn náà, kò mọ̀ rí ni Henchard ọkọ rẹ̀ tà á fún, tọmọtọmọ, ní gíní 5, owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kì í sì í ṣe Casterbridge ló ti tà á. Weydon-Priors ni, ìyẹn Weyhill ní Hampshire. Ọdún 18 lẹ́yìn náà ni Susan wá bá a ní Casterbridge, Henchard ti di méyọ̀.

Tí ẹ bá dé South Street ní Dorchester, ẹ wo ara ògiri. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé wọ́n ní méyọ̀ náà gbé ibẹ̀ rí, méyọ̀ inú ìtàn tí ìyá kankan kò bí!