Ilé-ìwé àtijọ́ tí ẹ fẹ́ sọ di ilé ìkàwé: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ọ̀dà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ béèrè bí ará ìlú ṣe lè gba ilé-ìwé àtijọ́ tí ìjọ kọ́, tí ó ti ṣófo láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti kó lọ sí ilé tuntun, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìkàwé àti gbọ̀ngàn ìpàdé, mo kí yín kú èrò rere. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlú wa, láti ìgbà tí igbó ti bo ojú fèrèsé ilé náà títí di ìgbà tí àwọn ọmọ tí ń múra fún ìdánwò JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó kàwé níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín ni pé kí ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni sí ìkówójọ, kí ẹ má sì ra ọ̀dà tàbí páànù, títí ẹ ó fi ní ìwé lọ́wọ́ tí ó sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ni ilé, àti iye ọdún tí ará ìlú ní àṣẹ láti lò ó.

Ilé-ìwé ìjọ nílẹ̀ Yorùbá kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹbí kan ni ó fi ilẹ̀ tọrẹ, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àti àdúrà nìkan. Àwọn ọmọ ìjọ àti ará ìlú ni wọ́n po amọ̀, tí wọ́n sì dá owó páànù. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọge tí ó ru omi láti odò fún ti ìlú wa, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé náà fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, owó ìjọba wọ inú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àkóso àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì tún fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí náà, bí ilé bá ti ṣófo, ẹbí, ìjọ, ìlú àti ìjọba ni ó lè dìde wí pé ti àwọn ni, kò sì sí èyí tí ó purọ́ pátápátá nínú wọn.

Ní tiwa, ẹbí tí ó fi ilẹ̀ tọrẹ ni ó kọ́kọ́ dìde. Ní gbogbo ìgbà tí ilé náà fi ń wó lọ, wọn kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí a já páànù tuntun sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan láti inú ẹbí náà wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ náà kì í ṣe fún títà. Wọ́n ní ilé-ìwé ni àwọn bàbá àwọn fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún, kì í ṣe gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹ má fi ojú kékeré wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ dúró, òjò sì ń rọ̀ sórí igi òrùlé tí a ti ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe ilé ẹjọ́ ni ó yanjú rẹ̀. Olórí ẹbí náà, bàbá àgbàlagbà kan tí òun fúnra rẹ̀ kàwé nínú ilé yẹn, ni a bá jókòó láàfin níwájú Kábíyèsí. A fẹnu kò pé ẹbí yóò ní ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó nígbà gbogbo, pé a ó kọ orúkọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ tọrẹ sí iwájú ilé, àti pé ilẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ wọn bí ìlú bá pa iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tì níbẹ̀. Agbẹjọ́rò kọ ọ́ sílẹ̀, a so ìwé ìwọnlẹ̀ mọ́ ọn, ẹbí, ìjọ àti ìlú sì fọwọ́ sí i.

Ti ìjọba ni ó pẹ́ jù, nítorí fáìlì ilé-ìwé náà kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ohun tí ó gbà wá ni ìwé tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí láyé ìjọ, tí a rí nínú àpótí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gba ilẹ̀ náà sí. Ẹ wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé ọ́fíìsì kankan. Ẹ sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè yín ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó lè dá dúró lójú òfin láti bá ìjọba ṣe àdéhùn.

Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ìjọba àpapọ̀ kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Wọ́n ti kéde Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú, l'Ékòó, ní ohun ìrántí láti ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹ fi wé Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 sínú ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta: ẹgbẹ́ Legacy, tí ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe, wọ́n kó àwọn ohun ìrántí Rélùwéè sínú rẹ̀, ó sì dúró.

Ní ti ilé gan-an, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Káfíńtà wa fi ọ̀bẹ kékeré gún igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀bẹ bá rì sínú rẹ̀ bí ẹni gún iṣu sísè, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ògiri. Bí ògiri yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, nítorí omi tí ó bá wọ inú amọ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri tiwa nígbà kan rí. Nígbà tí a kan án, ó dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, ó ya lulẹ̀ lódindi, amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé èékánná lásán ń hó o kúrò. Bàbá bíríkìlà kan tí ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ rẹ́ amọ̀ ni ó bá wa tún un ṣe.

Ilé ìkàwé kì í pa owó wọlé. Ní tiwa, aránṣọ kan àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà háyà yàrá méjì lẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ sì ń sanwó gbọ̀ngàn. Owó yìí ni a fi ń san owó ọdẹ, tí a sì fi ń tún páànù ṣe. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó pín yàrá.

Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹ náwó lé kí ìwé tó jáde: bí òrùlé bá ń jò, ẹ lọ bá olórí ẹbí tí ó fi ilẹ̀ tọrẹ àti àwọn àgbà ìjọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n yọ̀ǹda kí ẹ fi tapólì bò ó ṣáájú òjò oṣù Kẹta, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni kan láti ọ̀dọ̀ wọn dúró níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bò ó.