Wọ́n Mú Ọmọ Kọjá Ààlà: Ibo Lẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Bàbá ọmọ mi mú ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 7, lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ 3 ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Oṣù 5 rèé, kò dá a padà. Ṣé kí n lọ pe ẹjọ́ lọ́hùn-ún pé kí wọ́n gbé ọmọ fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má tíì pe ẹjọ́ ta ni yóò tọ́ ọmọ lọ́hùn-ún, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ ti gbà kó máa gbé ibẹ̀. Ohun tí ẹ ó béèrè ni pé kí wọ́n dá a padà síbi tó ń gbé, kí adájọ́ ilé yín wá yanjú ìyókù. Ìdí tí Àdéhùn Hague ti ọdún 1980, ìyẹn àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọmọ tí wọ́n mú kọjá ààlà, fi wà nìyẹn, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá àdéhùn náà múlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Orúkọ méjèèjì lè wà nínú rẹ̀ kó má tíì múlẹ̀, nítorí orílẹ̀-èdè tó bá dara pọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí ìtẹ́wọ́gbà èkejì. Bó bá múlẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Central Authority níbi tí ẹ wà. Àwọn ni yóò kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún láti wá ọmọ náà rí, kí wọ́n rọ bàbá rẹ̀, bó bá sì kọ̀, kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Wọn kì í gba owó iṣẹ́ tiwọn. Àmọ́ ẹ lè ní láti san owó agbẹjọ́rò láwọn ibòmíràn.

Ẹ mú ìwé ìbí dání, fọ́tò ọmọ àti ti bàbá rẹ̀, ìwé ilé-ìwé tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín lọmọ ń gbé, ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yín lórí rẹ̀, àti tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ọjọ́ ìpadà. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe pàtàkì gan-an: ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ padà ni a ó ti máa ka ọdún 1. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá sì wọ kóòtù lọ́hùn-ún ni kíkà náà dúró, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń pàdánù rèé. Bí ọdún bá ti kọjá, tí ọmọ sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, adájọ́ lè má dá a padà mọ́.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù pẹ̀lú. "Ó dáa, ẹ ṣì máa gbébẹ̀ ná" lè di ẹ̀rí pé ẹ fara mọ́ ọn. Bí bàbá bá ní ewu ńlá ń bẹ fún ọmọ nílé, adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá wà nínú Àdéhùn Hague ti ọdún 1996, èyí tó wà fún ààbò ọmọ, adájọ́ náà lè pàṣẹ ààbò kíákíá tí yóò bá ọmọ dé ilé, títí kóòtù ilé yóò fi gba ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè: Àbúrò ìyá ọmọ kan tó wà lọ́wọ́ ìjọba fẹ́ gbà á tọ́ lókè òkun. Ṣé kí wọ́n máa gbé e lọ?

Ìdáhùn: Rárá o. Lábẹ́ àdéhùn 1996, ìjọba ibí gbọ́dọ̀ fi ìròyìn nípa ọmọ náà àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ gbé e lọ ránṣẹ́, kí ìjọba ọ̀hún sì fọwọ́ sí i kí ọmọ tó gbéra. Bí wọ́n bá gbé e lọ láìgba àṣẹ, ìjọba ọ̀hún lè kọ̀ láti ka ìwé ìtọ́jú náà sí.