Ẹ Bi Wá Léèrè: Akọ Bẹ́tà Tó Ń Gbé Ẹyin Mì

Bẹ́tà agbẹ́yinsẹ́nu ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà oṣù yìí dá lé, ìyẹn ẹja kékeré inú odò igbó tí akọ rẹ̀ máa ń kó ẹyin sẹ́nu títí tí wọn yóò fi pa.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Betta channoides méjì ni mo ń sìn, takọ-tabo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ ti kó ẹyin sẹ́nu, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ọ̀fun rẹ̀ á ti palẹ̀, á sì ti máa jẹun. Alaalẹ́ ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? *Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Tọ́ọ̀ṣì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Akọ tó há ẹyin sẹ́nu kì í jẹun, kì í rìn púpọ̀, kékeré sì ni ohun tó lè dẹ́rù bà á. Bí iná bá ṣàdédé là sí i lójú lóru, tí ọmọdé gbá gíláàsì, tàbí tí ẹ ki àwọ̀n bọ inú omi, yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ má pààrọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ lásìkò náà.

Ẹ̀bi yín nìkan kọ́ ṣá o. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbé ẹyin ẹ̀ẹ̀kínní, ẹ̀ẹ̀kejì, àní ẹ̀ẹ̀kẹta mì kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹyin tí àtọ̀ kò bá kàn náà á bàjẹ́, á sì gbé e mì.

Ebi ńkọ́? Bí omi bá wà ní nǹkan bí 26°C, ẹyin máa ń lo ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́nu bàbá wọn. Omi tó bá tutù lè sún un sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akọ tó ti rù tẹ́lẹ̀ kò lè gba ààwẹ̀ yẹn. Kí abo tó tún yé, ẹ fi tàǹwíjí bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Garawa omi tí ewé díẹ̀ rà sí, tí ẹ gbé sí ìta, yóò kún fún tàǹwíjí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ 5 lọ kí ẹ tó sẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀fọn lẹ ń sìn. Tí akọ bá ti gbẹ́yin, abo nìkan ni kí ẹ fún lóúnjẹ, díẹ̀, ní ìkángun kejì àpótí. Tàǹwíjí tó bá ń jó níwájú akọ lè mú kó gbàgbé ohun tó há sẹ́nu.

Bí abo bá ń lé e kiri, abo ni kí ẹ gbé kúrò, ẹ má fọwọ́ kan akọ. Tó bá sì ti tu ọmọ sílẹ̀, ẹ ya òun àti abo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lè sanra padà, torí abo kò ní rò ó pé ó rẹ̀ ẹ́. (Pé akọ ló ń gbé ẹyin kò ní ya àwọn ará etí ọ̀sà lẹ́nu: ẹ̀pìyà ọ̀sà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, akọ ló ń há ẹyin sẹ́nu, èyí tí wọ́n ń sìn nínú adágún, abo ni.)

Ìbéèrè: Omi bọ́ọ̀hóòlù wa máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù. Ṣé ó dára fún wọn? *Òǹkàwé, Ṣágámù*

Ìdáhùn: Kò dára fún channoides, torí nǹkan funfun yẹn ń fi hàn pé omi yín le, ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀. Erékùṣù Borneo, lápá Indonéṣíà, ló ti wá, omi ibẹ̀ rọ̀, ó sì kan díẹ̀: pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 5 sí 6.5. Ẹja náà lè má kú nínú omi líle, àmọ́ ẹyin rẹ̀ kì í sábà yọrí. Ẹ po omi òjò garawa mẹ́ta mọ́ omi bọ́ọ̀hóòlù garawa kan. Omi òjò nìkan kò dára, torí kò ní ohun tí yóò di pH mú, ó lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbe omi, pàápàá òjò àkọ́rọ̀ tó ń fọ eruku ọyẹ́. Ẹ má gbe é lábẹ́ páànù síǹkì tuntun, torí síǹkì tó ń yọ́ sínú omi máa ń pa ẹja.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣa ewé igi fúrúùtù tó ti pọ́n tó sì já fúnra rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbìn fún ibòji nílé ìwé. Ẹ sá a gbẹ, ẹ fi ewé kan sí lítà 20. Omi á pọ́n bíi tíì, ẹja á sì rí ibi sá pamọ́ sí.

Tí wàhálà òjò bá sú yín, ẹ wá Betta simplex. Krabi ní Táílàńdì ló ti wá, níbi tí omi ti ń sun láti abẹ́ òkúta ẹfun. Omi Ṣágámù yóò bá a lára mu ju omi òjò lọ.

Ìbéèrè: Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Ṣé wọn ò ní kú tí pọ́ǹpù bá dákẹ́? Ṣé akọ méjì lè gbé pọ̀? *Òǹkàwé, Ìpẹru*

Ìdáhùn: Bẹ́tà máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́, nítorí náà àìsí pọ́ǹpù fún wákàtí mélòó kan kò ní pa á. Àpótí 60 × 30 × 30 sẹ̀ǹtímítà, takọ-tabo kan péré, pẹ̀lú asẹ́ fóòmù: ó tó. Akọ méjì nínú rẹ̀, ìjà ni. Ẹ dé e pinpin, torí ihò tó gba ìka kan ni yóò gbà fò síta. Gàrí àti búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ o, wọ́n ń ba omi jẹ́ ni.

Ìbéèrè: Ọmọ 11 ni mo rí láàárọ̀ yìí! Kí ni kí n fún wọn? *Òǹkàwé, Ìkẹ́nnẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Wọ́n tóbi tó láti jẹ ọmọ artemia, edé wínníwínní inú omi iyọ̀, lójú ẹsẹ̀. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 25 mọ́ omi lítà kan, ẹ da ìdajì ṣíbí tíì ẹyin artemia sí i, kí afẹ́fẹ́ máa hó o. Ní 28°C, yóò pa láàárín wákàtí 24 sí 30. Pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ni kí ẹ fi sí ibí, torí artemia kò ní fara da iná tó lọ bí bàbá ẹja ṣe ń fara dà á. Ẹ pa pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú 10. Èèpo á léfòó, ẹ fa àwọn alààyè láti ìsàlẹ̀, ẹ fi áńkáṣì sẹ́ wọn, ẹ ṣàn wọ́n pẹ̀lú omi tí kò níyọ̀. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣí ìdérí wọn sílẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ lè ba ohun tí wọ́n fi ń mí lókè omi jẹ́ nígbà tó bá ń hù.